Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Alákòóso Ilé Ìwòsàn l'Ábẹ́òkúta: Ta Ló Ń Ṣọ́ Oògùn Aláìsàn?

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ìlú. Ẹjọ́ ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rò ó.

Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn tí wọ́n ti tọ́jú bàbá mi. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ kàn mọ ara yín. Yàtọ̀ sí ìyẹn, láti ìgbà tí mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí ní ìsọ̀ mi ní Ìtòkú, kò sí oníbàárà tó gbọ́ ọ tí kò ní tiẹ̀ láti fi kún un, ilé ìwòsàn tí kálukú wọn sì ń sọ yàtọ̀ síra. Nítorí náà gbogbo yín ni mo kọ ọ́ sí, ti ìjọba àti ti aládàáni.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni ìkìlọ̀ kan tí ẹ lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin. Ẹ ní aláìsàn kò gbọ́dọ̀ mú oògùn kankan wá láti ilé, pé èyí tí ẹ bá rí, ẹ ó gbà á. Ẹ tún ní mọ̀lẹ́bí kò gbọ́dọ̀ sí nítòsí nígbà tí dókítà bá ń yẹ aláìsàn wò láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì. Ẹ lù ú ní òǹtẹ̀, ẹ fọwọ́ sí i. Kò sí ìlà kan níbẹ̀ tó sọ ohun tí ẹ máa fi rọ́pò oògùn tí ẹ bá gbà, tàbí ẹni tó máa wá sọ fún mọ̀lẹ́bí ohun tí dókítà wí.

Mo mọ ìdí tí ẹ fi ṣe é. Aláìsàn máa ń gbé oògùn tirẹ̀ mì ní kọ̀rọ̀, nọ́ọ̀sì á dé, á tún fún un ní irú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ewu ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ewu yẹn lẹ̀ ń sá fún, ẹ tú àpò náà wò, ẹ bi wá léèrè. Ẹ gbà á, ẹ ò wo inú ẹ̀, ẹ wá gbé e fún wa padà lọ́jọ́ tí à ń lọ ilé. Ewu tí ẹ sá fún ní wọ́ọ̀dù, ẹ bá wa dì í relé ni.

1. Oògùn tí ẹ gbà, ẹ ò kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀.

Bàbá mi ti lé ní ẹni 70 ọdún. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ní ìtọ̀ ṣúgà. Òtútù àyà ló gbé e dé ọ̀dọ̀ yín. Màmá mi kó gbogbo oògùn ẹ̀ sínú náílọ́ọ̀nù dúdú kan, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fẹ́ kí iṣẹ́ yá fún yín, ó gbé e fún nọ́ọ̀sì tó gbà wá wọlé. Nọ́ọ̀sì ta á ní kókó, ó tì í sábẹ́ tábìlì. Ẹnikẹ́ni ò bi wá pé èwo ni Bàbá ń lò láàárọ̀, èwo ló ń lò lálẹ́, èwo ni dókítà ti ní kó dá dúró tipẹ́ tó ṣì wà nínú náílọ́ọ̀nù torí pé Màmá kì í da ohun tí wọ́n fowó rà nù. Nígbà tí a gba náílọ́ọ̀nù náà padà, kókó tí nọ́ọ̀sì ta ṣì wà lórí ẹ̀.

Ọmọkùnrin kan wà ní bẹ́ẹ̀dì tó kọjú sí ti Bàbá. Inú rírun ló gbé e wá, ṣùgbọ́n ó ti ń lo carbamazepine fún wárápá láti kékeré. Wọ́n gba ìyẹn náà. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé inú rírun ni wọ́n kọ sí ìwé ẹ̀, kò sí carbamazepine lórí káàdì tí nọ́ọ̀sì fi ń pín oògùn. Lóru ọjọ́ kejì, wárápá gbé e látorí bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ṣẹ́ ìṣègùn, ẹ mọ̀ jù mí lọ pé oògùn wárápá kì í ṣe ohun tí èèyàn ń já lójijì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ínsúlíìnì. Bẹ́ẹ̀ náà ni prednisolone, oògùn tí wọ́n máa ń fún ẹni tó ní ikọ́ fée, fún ẹni tó ti ń lò ó tipẹ́.

2. Oògùn kan, orúkọ méjì.

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù.

Lọ́jọ́ tí ẹ ní ká máa lọ ilé, ẹ fún wa ní oògùn nínú àwọn náílọ́ọ̀nù kéékèèké. Ẹ fi bírò kọ glibenclamide sára ọ̀kan. Nínú náílọ́ọ̀nù dúdú tó ti wà nílé tẹ́lẹ̀, páálí Daonil wà níbẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ apòògùn á ti rí ibi tí mò ń lọ: Daonil ni orúkọ tí ilé iṣẹ́ fún un, glibenclamide, tó ń mú ṣúgà ara wálẹ̀, ni oògùn tó wà nínú ẹ̀. Ohun kan náà ni. Ìyá mi tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Kútọ̀ láti ìgbà èwe ẹ̀, níbo ló ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? Àwọ̀ ò jọra, páálí ò jọra, orúkọ ò jọra. Ó fún Bàbá ní ti àtijọ́ nítorí dókítà kan ló kọ ọ́. Ó fún un ní tuntun nítorí dókítà mìíràn ló kọ ọ́. Ó ṣe é bí wọ́n ṣe ní kó ṣe é.

Lóru, a gbọ́ tí Bàbá ń sọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀. A tan iná. Òógùn ti rin aṣọ ẹ̀ látọrùn dé ìdí, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń fi orúkọ àbúrò ẹ̀ tó ti kú pè mí. Ẹ̀gbọ́n mi ní àyà òun já, pé rọpárọsẹ̀ ni. Ọlọ́run ló ṣe é tí nọ́ọ̀sì kan ń gbé ilé kejì sí wa. Ó gbé ẹ̀rọ ìwọn ṣúgà ẹ̀ wá, ó gún Bàbá lọ́mọ ìka, ẹ̀rọ náà ka 38. Bí ṣúgà bá ti wálẹ̀ ju 70 lọ, ó ní ewu ti wọlé. Bàbá ṣì lè gbé nǹkan mì, la bá po ṣúgà sómi fún un díẹ̀díẹ̀. Ara ẹ̀ wálẹ̀, àwa ń dúpẹ́, nọ́ọ̀sì náà ní ká má tíì sùn. Ó ní oògùn yìí máa ń wà lára tó odindi ọjọ́ kan, tí kíndìnrín bá sì ti ń dàgbà, kì í tètè jáde, nítorí náà ṣúgà yẹn tún lè já wálẹ̀ lẹ́yìn tí a bá rò pé ó ti tán. Ó já wálẹ̀ lóòótọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. A dúpẹ́ pé ó ti sọ fún wa.

Òun náà ló bi mí pé ta ló kọ glibenclamide fún bàbá arúgbó. Mo rò pé ó kàn ń bínú ni. Mo wádìí. Nínú ìwé àkójọ oògùn tó ṣe pàtàkì jù tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń gbé jáde, gliclazide ni wọ́n kọ sí ìdí oògùn ṣúgà irú ẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ pé glibenclamide kò yẹ fún ẹni tó bá ti kọjá ọmọ 60 ọdún. Mi ò ní kí n máa kọ́ dókítà níṣẹ́. Ó lè jẹ́ pé owó ni wọ́n rò, torí gliclazide wọ́n díẹ̀ ju glibenclamide lọ. Ohun tí mò ń bi yín ni pé: tó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ fẹ́ kọ ọ́, ṣé ẹ ò ní wo ohun tó ti ń lò kí ẹ tó kọ ọ́ ni?

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ orúkọ oògùn yìí máa dẹrùn sí i. Láti oṣù kẹjọ 2023 tí ilé iṣẹ́ olóògùn GSK ti kéde pé àwọn ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà, páálí tí àwọn èèyàn ti mọ̀ lójú ń pòórá lórí àtẹ, òmíràn tí wọn ò rí rí ń rọ́pò ẹ̀. Ẹni tó ń fi àwọ̀ páálí dá oògùn mọ̀ ti wọ gàù. Orúkọ oògùn gan-an ló kù tó lè gbà á, ìyẹn tí ẹnì kan bá ti sọ orúkọ náà fún un.

3. Fèrèsé fámásì.

Níbi tí ẹ ti ń fún wa lóògùn, àárín àwa àti apòògùn ni irin fèrèsé wà. A na rìsíìtì wọlé, oògùn jáde. Èrò wà lẹ́yìn wa tí wọ́n ń pariwo pé ká sún. Wọ́n kọ "1 x 2" sára náílọ́ọ̀nù kan, "2 x 3" sára òmíràn. Ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì ni, àbí méjì lẹ́ẹ̀kan? Kí oúnjẹ ó tó wọlé ni, àbí lẹ́yìn ẹ̀? Títí tí a fi dé Pánṣẹ́kẹ nínú kẹ̀kẹ́, òógùn ọwọ́ Màmá ti pa bírò tó wà lára méjì nínú wọn rẹ́.

Abala 23 Òfin Ìlera Orílẹ̀-Èdè ti 2014 sọ pé kí ẹ la ìtọ́jú, ewu inú ẹ̀ àti iye tó máa ná aláìsàn yé e, kí ẹ sì ṣe é ní èdè tó gbọ́ níwọ̀n bó bá ti ṣeé ṣe, kí ẹ wo bó ṣe mọ̀wé tó. Ìwé Ẹ̀tọ́ Aláìsàn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2018 tún un wí. Abẹ́òkúta la wà. Dókítà gbọ́ Yorùbá, apòògùn gbọ́ Yorùbá, aláìsàn gbọ́ Yorùbá. Kí ló wá ṣòro?

4. Ẹ lé mọ̀lẹ́bí síta.

Ta ló ń lọ ra oògùn tí kò bá sí ní fámásì yín? Mọ̀lẹ́bí. Ta ló ń pa bẹ́ẹ̀dì mọ́, tó ń gbé oúnjẹ wá, tó ń rántí pé Bàbá kò tíì gba abẹ́rẹ́ aago méjì? Mọ̀lẹ́bí náà ni. Ta ló máa fún un lóògùn láti ọjọ́ tó bá ti kúrò lọ́dọ̀ yín títí ayé? Ẹni yẹn lẹ ní kó lọ dúró lábẹ́ igi nígbà tí dókítà bá ń sọ ohun tó yí padà.

Ìlú mìíràn ì bá ṣe é, mi ò ní wí. Ilé ìwòsàn ti wà ní Lántòro níbí láti 1895. Ní Àró, láti 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ ìlú yìí, bẹ̀rẹ̀ ètò tí aláìsàn ọpọlọ fi ń gbé ní abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn. Ó kéré tán, mọ̀lẹ́bí kan gbọ́dọ̀ bá a wá, kó máa gbé tì í, kó máa sìn ín lọ síbi ìtọ́jú. Gbogbo ayé wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Lambo di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. (Àwọn tí mo dárúkọ yìí kọ́ ni mo fẹjọ́ wọn sùn o, kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ka.) Nígbà tí kò sí fóònù, tí kò sí kọ̀ǹpútà, wọ́n rí àyè fún mọ̀lẹ́bí ní Abẹ́òkúta. Lónìí, ìkìlọ̀ ara ògiri la fi ń lé wọn.

5. Oògùn tí kò sí nínú ìwé yín.

Bàbá máa ń mu àgbo. Ìyá ẹlẹ́wẹ́ ọmọ kan ní Láfẹ́nwá ló ń sè é fún un. Orúnkún tún máa ń dùn ún, tó bá ti dùn ún, á ní kí ọmọ kan bá òun já káàdì diclofenac kan ní kẹ́mísìtì. Kò sọ èyíkéyìí fún yín, torí ẹni tó bá sọ àgbo létí yín, ariwo lẹ máa ń pa lé e lórí níṣojú gbogbo wọ́ọ̀dù. Àgbàlagbà kì í fẹ́ kí ọmọdé bú òun. Ó bá dákẹ́.

Bẹ́ẹ̀, lisinopril ló ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, pẹ̀lú oògùn tó ń mú un tọ̀. Diclofenac tó bá bọ́ sáàárín àwọn méjèèjì yẹn lè ba kíndìnrín jẹ́, pàápàá lára arúgbó. Ọ̀dọ̀ apòògùn kan tí mo lọ bá fúnra mi ni mo ti gbọ́ èyí, lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ká ní ẹ fi sùúrù béèrè ni, ẹ̀ bá ti gbọ́.

6. Oògùn tí owó ò ká. Èyí kò gùn. Tí dókítà bá kọ nǹkan mẹ́fà, tí owó ọwọ́ wa sì ká mẹ́ta, àwa la máa ń yan mẹ́ta náà, èyí tí owó ẹ̀ kéré jù la sì máa ń yàn. Ẹ fi àmì sí èyí tí kò ṣeé fò. Ìṣẹ́jú kan kò ní gbà yín.

7. Ohun tí à ń fẹ́.

Kí ẹ yí ìkìlọ̀ yẹn padà. Kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí gbogbo aláìsàn kó gbogbo oògùn ilé wá, tòun tàgbo, kí ẹnì kan sì jókòó tú u wò láàárín ọjọ́ kan tí ẹ bá gbà á wọlé. Kó kọ orúkọ oògùn gan-an, ìwọ̀n ẹ̀, ìgbà tí wọ́n ń lò ó, kó wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí dókítà kọ. Èyí tó bá yàtọ̀, kí dókítà sọ bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni tàbí ó gbàgbé. Lẹ́yìn ìyẹn, tí ẹ bá fẹ́ kó o pamọ́, ẹ kó o pamọ́, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà.

Lọ́jọ́ ìpadàrelé, a fẹ́ ìwé kan ṣoṣo, ní Yorùbá fún ẹni tó bá fẹ́ Yorùbá. Kó wà níbẹ̀: oògùn tó ń bá a lọ, oògùn tuntun àti ohun tó wà fún, oògùn tí ìwọ̀n ẹ̀ yí padà, oògùn tí a ti dá dúró àti ìdí ẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yẹn lẹ máa ń fò jù, òun ló sì fẹ́ pa bàbá mi. Kó sọ ìgbà tí oògùn tó jẹ́ ti ìgbà díẹ̀ máa parí. Omeprazole, oògùn ọgbẹ́ inú, tí ẹ kọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nígbà tó wà ní wọ́ọ̀dù, ó ṣì ń lò ó dòní, kò sẹ́ni tó ní kó dúró. Kí nọ́ńbà fóònù wà nísàlẹ̀ ìwé náà, kí ẹnì kan sì máa gbé e tí a bá pè é.

Kí apòògùn jáde látẹ̀yìn fèrèsé. Kó mú oògùn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó fi han ẹni tó máa máa fún aláìsàn, kó sì ní kí ẹni náà tún un sọ fún òun bó ṣe máa lò ó. Tí kò bá lè tún un sọ, kò tíì yé e nìyẹn.

Kí mọ̀lẹ́bí kan, ọ̀kan péré, wà níbẹ̀ tí dókítà bá ń yẹ aláìsàn wò, tí aláìsàn bá ti gbà bẹ́ẹ̀.

Mo mọ èsì tí ẹ máa fọ̀. Ẹ máa ní ọwọ́ ò tó, pé dókítà àti nọ́ọ̀sì ti japa. Òótọ́ ni, a sì ń rí i. Nọ́ọ̀sì kan á máa sáré láàárín bẹ́ẹ̀dì bẹ́ẹ̀dì, omi ò kan ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ apòògùn àti nọ́ọ̀sì ń bẹ lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú yín, títú àpò oògùn wò àti kíkọ orúkọ sílẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ abẹ, ọ̀gá wọn á kàn yẹ̀ ẹ́ wò ni. Ní 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ètò kan kalẹ̀ láti dín ewu ńlá tí àṣìṣe oògùn ń fà kù ní ìlàjì láàárín ọdún márùn-ún. Ìrékọjá aláìsàn láti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì, irú èyí tí mò ń sọ yìí, wà lára ohun mẹ́ta tí wọ́n ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè kọ́kọ́ dojú kọ. Ọdún márùn-ún ọ̀hún ti kọjá. Èwo nínú yín ló lè fi ìwé kan han ìlú pé ohun tí àwọn ti ṣe nìyí?

Àwa kan tí a ní aláìsàn nílé ti ń kóra jọ ní Ìtòkú. A ti kọ àpẹẹrẹ ìwé ìpadàrelé náà ní Yorùbá, apòògùn kan tó fẹ́ràn wa ti bá wa yẹ̀ ẹ́ wò, ojú ìwé kan péré ni. Ilé ìwòsàn tó bá fẹ́ ẹ, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ dá ọjọ́, ẹ dá àkókò, tó bá ti yàtọ̀ sí ọjọ́ ọjà, a máa wá jókòó tì yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Aládìrẹ kan ní Ìtòkú,
Abẹ́òkúta.